Honda CB750 Bàbá Mi: Ṣé Kí N Gé Férémù Kí Ẹ́ńjìnì Lè Rọrùn Láti Tú?

Ìbéèrè láti Òmù-Àrán: Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi fi Honda CB750 kan sílẹ̀ fún mi, ti ọdún 1974. Ó ti pẹ́ nínú ilé kí n tó gbé e wá sí Ìlọrin láti tún un ṣe. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń yọ lókè ẹ́ńjìnì, ó ń ṣàn bọ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Mẹkáníìkì ní òun ò lè ṣí ìdérí òkè láìyọ odindi ẹ́ńjìnì sílẹ̀, pé páìpù férémù ló dí òun lọ́nà. Wẹ́dà kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo wá ní kí n jẹ́ kí òun gé páìpù méjèèjì tó kọjá lórí ẹ́ńjìnì, kí òun sọ ọ́ di oníbóòtù, pé láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ẹ́ńjìnì mọ́. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Ṣé kí n gé e?

* * *

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan férémù yẹn kí o tó mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń yọ gan-an.

Mẹkáníìkì rẹ kò parọ́. Gbogbo CB750 oníkáàmù kan (káàmù ni ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù) tí Honda ṣe láti 1969 títí dé 1978, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Tú gbogbo bóòtù ìdérí òkè tán, kí o wá ní kí o gbé e sókè: páìpù férémù ni yóò gbá. Sílíńdà mẹ́rin, 736 cc, ni wọ́n há sínú férémù yẹn, àyè tó ṣẹ́ kù lókè kò gba ìdérí náà kọjá. Kárí ayé ni àwọn tó ní màṣíìnì yìí ti ń ráhùn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gé tiwọn. Nítorí náà, ohun tí wẹ́dà yẹn sọ kì í ṣe àlá.

Àmọ́ iṣẹ́ tó ń béèrè pé kí ìdérí yẹn ṣí kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Kílọ́ọ̀ṣì, póíǹtì, kábúrétọ̀, ohun tó ń ṣe iná fún bátìrì, gbogbo wọn là ń tú tí ẹ́ńjìnì wà níjòókòó rẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ti fáàfù ṣí, ńkọ́? Ìdérí kéékèèké mẹ́jọ ló wà lórí wọn. Wàá yọ táńkì, wàá tú ìdérí wọ̀nyẹn, wàá wọn àyè fáàfù, 0.05 mm fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.08 mm fún èyí tó ń tú èéfín jáde, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Wàá dé e padà, ó parí.

Ìdérí mẹ́jọ yìí gan-an ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Òríìngì rọ́bà ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, rọ́bà tó sì ti wà níbẹ̀ láti ayé ìgbà tí bàbá rẹ ti ń gùn ún yóò ti gan bí èèpo igi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ibi tí wáyà tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì ti wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni họ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnì fi ń mí: bí ó bá dí, afẹ́fẹ́ tó há sínú yóò máa ti ọ́ìlì jáde níbikíbi tó bá ti rí àyè. Nínú mẹ́ta yìí, kò sí èyí tó nílò kí férémù ṣí.

Fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo òkè ẹ́ńjìnì, fi omi ọṣẹ ṣan án, jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Wọ́n pọ́dà ọmọdé sí i lára. Tan màṣíìnì náà, jẹ́ kó gbóná, gùn ún láti Gérí Àlímì dé Pósítọ́fíìsì kí o padà. Ojú ibi tí pọ́dà bá ti kọ́kọ́ rin ni ọ́ìlì ti ń yọ. Má wo ibi tó ṣàn dé, torí atẹ́gùn ọ̀nà máa ń gbá a sẹ́yìn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ní èèwọ̀ ni lóhùn.

Ọ̀rọ̀ wọn ni pé férémù tí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣe, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e, pé tí irin bá ti já, ó ti já. N ò gbà. Honda fúnra wọn, nígbà tí wọ́n gbé màṣíìnì wọn GL1000 jáde ní 1975, wọ́n fi bóòtù de apá kan lára férémù ìsàlẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè jáde. Wọ́n mọ̀ pé ìṣòro wà, wọ́n sì yanjú ẹ̀ láti orí pátákó ìyàwòrán. Férémù tó ń ṣí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ẹni tó ń ṣí i, ibi tó ti ń ṣí i, àti ohun tó fi ń dè é padà.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti bá àwọn elèèwọ̀ lọ. Lọ wo nọ́ḿbà tó wà lára ọrùn màṣíìnì rẹ. Àwọn 7,414 àkọ́kọ́ tí Honda ṣe ní 1969, inú iyanrìn ni wọ́n ti rọ àpótí ẹ́ńjìnì wọn, àwọn tó ń kó màṣíìnì àtijọ́ jọ lágbàáyé sì ń fi owó ńlá wá wọn. Bí nọ́ḿbà ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá wà láàárín CB750-1000001 sí CB750-1007414, kó má tilẹ̀ jẹ́ kí wẹ́dà sún mọ́ ọn. Tìrẹ ti 1974, kò sí nínú wọn. Tìrẹ, ohun ìní ẹbí ni, ọwọ́ rẹ ni ìpinnu wà.

* * *

Ó kan wẹ́dà Àjàṣẹ́. N ò mọ̀ ọ́n, n ò sì ní pe iṣẹ́ rẹ̀ ní jákujàku. Àmọ́ ohun tó sọ, "gé páìpù méjèèjì, fi bóòtù dè é," kúrú jù fún iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ férémù ju kí ẹ́ńjìnì rí ibi jókòó. Òun ló so ọrùn, níbi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti ń yí, mọ́ ibi tí apá ẹ̀yìn ti ń mì sókè-sódò. CB750 ní bíréèkì dísíìkì níwájú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde. Bí o bá fún un mọ́lẹ̀ lójijì, tàbí tí táyà iwájú já sínú kòtò ní ọ̀nà Ìdófìàn, ọrùn yẹn ni gbogbo ipá náà kọ́kọ́ dé, á fẹ́ ti ọrùn sẹ́yìn, á fẹ́ lọ́ ọ. Àwọn páìpù òkè wọ̀nyẹn wà lára ohun tó ń dì í mú. Bí o bá gé wọn, tí o fi ohun tó ń jì díẹ̀ rọ́pò wọn, o lè má rí nǹkan kan nínú ìlú. Ní títì Tankẹ́ tàbí Sáńgo, eré ò pọ̀. Ọjọ́ tí o bá jáde sí ọ̀nà Ọ̀fà tí o fi agbára sí i, ìgbà yẹn ni orí màṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ.

Mo ti rí férémù tí wọ́n gé, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ méjì jó mọ́ ẹnu ara wọn, bóòtù kan ṣoṣo láàárín. Ihò bóòtù náà ti fẹ̀ di bí ẹyin. Ẹni tó ń gùn ún rò pé béárìn ọrùn ló ti jẹ, ó ti pààrọ̀ ẹ̀, kò yí padà. Nígbà tí a yọ táńkì la rí i. Bí wọ́n bá ń sọ pé gígé férémù ń pa èèyàn, irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n rí.

* * *

Ẹnìkan láti Ọ̀fà sọ pé gbogbo èyí ariwo lásán ni, pé màṣíìnì Vincent ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tilẹ̀ ní férémù, tó sì sáré ju gbogbo màṣíìnì ìgbà ayé rẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé Vincent Series B ti 1946 kò ní férémù bí a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi ṣe férémù. Ṣùgbọ́n wọ́n rọ àpótí ẹ́ńjìnì náà kó lè gbé ẹrù yẹn ni, àpótí ọ́ìlì tó wà lókè sì jẹ́ irin tó di ọrùn mú. Ẹ́ńjìnì CB750 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú férémù tó yí i ká lókè àti nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ohun tí a ò rọ fún ẹrù, a kì í dédé gbé ẹrù lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé férémù Honda CG125 àtijọ́ báyìí, wọ́n ní kí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí tó dé sílíńdà, lè rọrùn láti ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá? Honda ṣe CG125 jáde ní 1976 fún ibi tí àtúnṣe kì í yá bọ̀rọ̀. Ọ̀pá ló ń ti fáàfù rẹ̀, kò ní ṣéènì káàmù lókè, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìyà má baà jẹ ẹ̀rọ náà bí wọn ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Tọ́ọ̀pù rẹ̀ ń ṣí nínú férémù láìsí wàhálà. Páìpù iwájú férémù rẹ̀ kò yí ẹ́ńjìnì ká lábẹ́: ẹ́ńjìnì gan-an ló dí àlàfo ìsàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ férémù. Ẹ wá gé páìpù òkè lé e lórí. Kí ló kù tó ń di màṣíìnì yẹn mú? Èèyàn ló ń gùn ún o, ẹlòmíràn á sì tún gbé ọmọ sẹ́yìn.

* * *

Mẹkáníìkì kan mú ọ̀rọ̀ tó lágbára jù wá, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ ọ. Ó ní lẹ́yìn tí èèyàn bá ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, èyí tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti bílọ́ọ̀kù, ó yẹ kó tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tó sì ti tutù. Lórí CB750, abẹ́ ìdérí ni àwọn kan nínú nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn wà. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò gé férémù yóò tún yọ ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó sì máa retí kí ọ́ìlì tún yọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá máa gé, ìdí kan tó mọ́yán lórí nìyẹn. Síbẹ̀ ọ̀nà wà. Fún nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára. Má dé ìdérí. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí gásíkẹ́ẹ̀tì jókòó. Tún un fún, wàá rí i pé òmíràn yóò tún lọ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o tó dé e. Má sì fi òríìngì àtijọ́ àti rọ́bà kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà ọ́ìlì padà sí i, torí ibẹ̀ gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú CB750 ti ń yọ ọ́ìlì, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

* * *

Ó dáa, ká ní ọkàn rẹ ò kúrò níbẹ̀, o fẹ́ gé e. Gbọ́ bó ṣe yẹ kó lọ.

Kò ṣeé ṣe dáadáa tí ẹ́ńjìnì ò bá jáde. Ohun tí wẹ́dà ò sọ fún ọ nìyẹn. O lè fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé, tí ẹ sì ń fi iná gán an fẹ́ẹ́rẹ́, ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, torí bóòtù ẹ́ńjìnì á di férémù mú kó má baà là sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n jíjó àjóparí, yíká páìpù, lókè, nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ́ńjìnì, ọwọ́ kò lè débẹ̀ àfi tí férémù bá ṣófo. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì tí o ń sá fún, wàá ṣì gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Táńkì kọ́kọ́ kúrò, kó jìnnà. Táńkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ burú ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo ló ń bú gbàmù. Yọ bátìrì, tú gbogbo ohun oníná tó ṣeé tú. Wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ wẹ́dà, orí páìpù tí ẹ ń jó gan-an ni kó wà, nítòsí ibi tí ẹ ń jó. Bí ó bá so ó mọ́ ẹ́ńjìnì tàbí ríìmù ẹ̀yìn, iná yóò gba inú béárìn kọjá, yóò sì bà á jẹ́ láìjẹ́ kí o mọ̀.

Kí ayùn tó kan irin, fi ìṣó irin sàmì sí ibi mẹ́rin lára férémù, kí o wọn ọ̀nà láti igun sí igun. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti jó tán, tún un wọ̀n. Bí iye náà bá ti yí padà, férémù ti wọ́. Parí apá kan kí ẹ tó gé apá kejì.

Oríkèé náà, ọ̀dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni kí o gbé e lọ, má fi lé wẹ́dà lọ́wọ́. Kó gbẹ́ irin tí kò ní ihò nínú, tó wọ inú páìpù ṣinṣin, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹnu irin méjèèjì á ní àtẹ̀gùn, ìdajì lé ìdajì, kí wọ́n lè gbé ara wọn. Bóòtù méjì yóò gba àárín wọn kọjá ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Wo orí bóòtù: 8.8 ni kó wà níbẹ̀, tàbí 10.9. Èyí tí kò ní nọ́ḿbà kankan lórí, dá a padà fún ẹni tó tà á. Apá bóòtù tó dán ni kó wà níbi tí irin méjì ti pàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní èyín kò gbọdọ̀ débẹ̀. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà ni kí ẹ lò.

Ibi tí ẹ bá máa gé, kó jìnnà sí ọrùn bí àyè bá ṣe gbà. Ẹ má fi páìpù omi rọ́pò páìpù férémù, wọn kì í ṣe ìran kan náà, èéfín funfun tó ń jáde lára páìpù omi onísíńkì sì ń ṣe ẹni tó ń jó o ní àìsàn. Ẹ́lẹ́kítíróòdù gééjì 12 tó fún páìpù tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, 10 máa dá a lu. Tí ẹ bá jó o tán, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ da omi sí i. Mo mọ̀ pé ìkánjú ni, mo mọ̀ pé gbogbo ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣe é. Omi máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ gan, yóò sì sán nígbà tó bá yá. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Má kun ún lọ́dà tó nípọn. Ọ̀dà àkọ́kùn (práímà) fẹ́ẹ́rẹ́ tó, kí ojú lè rí i bó bá fẹ́ sán. Lẹ́yìn ìrìn-àjò gígùn àkọ́kọ́, yọ táńkì kí o yẹ bóòtù wò. Nọ́ḿbà ọrùn, kí iná má kàn án, kí fáìlì má kàn án, torí òun ni ọlọ́pàá máa ń fi wé ìwé rẹ.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá bíráàsì kò ní sàn ju iná wẹ́dà lọ, torí bíráàsì ni wọ́n fi so màṣíìnì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Lórí irú ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni kó ṣe é. Lórí Honda, iná wẹ́dà tó dára tó. Ṣùgbọ́n ibi tí bíráàsì bá ti kàn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà wá fi ẹ́lẹ́kítíróòdù jó o mọ́. Bíráàsì á wọ inú irin, ojú ibẹ̀ á sì sán.

* * *

Báyìí, ohun tí èmi máa ń ṣe dípò gígé.

Ẹ́ńjìnì yẹn tó nǹkan bí 80 kílò. Ìdí tí gbígbé e fi ń dẹ́rù ba èèyàn ni pé wọ́n fẹ́ fa á jáde ní ẹ̀gbẹ́ nígbà tí màṣíìnì wà ní ìdúró, èèyàn mẹ́ta á máa lọ́ ẹ̀yìn, ìka á há. Ẹ má gbé ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé férémù.

Fa ọ́ìlì jáde nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì àti nínú táńkì ọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí méjèèjì ló ní in. Yọ bátìrì kí ásíìdì má dà sílẹ̀. Yọ táńkì epo, sàlẹ́ńsà, kábúrétọ̀, ṣéènì, àwọn wáyà. Fi àkísà wé páìpù férémù kí ọ̀dà má bó. Tẹ́ táyà ọkọ̀ àtijọ́ méjì sílẹ̀, kí ẹ rọra da màṣíìnì dé e ní apá ọ̀tún, torí apá ọ̀tún ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnì á sùn lórí táyà. Tú bóòtù tó dè é. Èèyàn méjì á wá gbé férémù sókè kúrò lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń bọ́ agbádà. Ó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa gbé e wọ̀ ọ́ padà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀nà Asa Dam, àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké ló ń bá mi gbé e. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í tún bá mi sọ̀rọ̀ gígé mọ́. CB750 tí wọ́n bá tún òkè rẹ̀ ṣe dáadáa, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ó lè pẹ́ gan-an kí ìdérí yẹn tó tún nílò ṣíṣí. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ sáré ìdíje, tó ń ṣí tọ́ọ̀pù lemọ́lemọ́, mo gbà pé kó gé e. Ìwọ tó fẹ́ máa gùn ún lọ kí àwọn ẹbí ní Ọ̀rọ̀ àti Òmù-Àrán, èrè gígé náà kò tó ohun tó lè ná ọ.

* * *

Àbúrò Òmù-Àrán ti padà dé. Ó ní òun wọ́n pọ́dà sí i, ìdérí tápẹ́ẹ̀tì méjì níwájú ló kọ́kọ́ rin, lẹ́yìn náà ibi wáyà tó ń ka ìyípo. Ojú ibi tí tọ́ọ̀pù ti lé bílọ́ọ̀kù rin díẹ̀ ní apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ bóyá láti òkè ló ti ṣàn wá.

Pààrọ̀ òríìngì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, má ṣe méjì tó ń yọ nìkan. Pààrọ̀ síìlì ibi wáyà. Tú họ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, fẹ́ ẹnu sí i, rí i pé afẹ́fẹ́ ń kọjá. Tún un fọ̀, tún pọ́dà wọ́n. Bí apá ọ̀tún yẹn bá gbẹ, gùn ún lọ. Bí ó bá ṣì ń rin, pè mí, kí o sì wá táyà méjì àti èèyàn kan dání. Kó àwọn ìdérí náà lọ́wọ́ tí o bá ń lọ ra òríìngì, kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n níwájú rẹ, torí èyí tó fi díẹ̀ tín-ín-rín jù yóò dà bíi pé ó wọ̀ ọ́, yóò sì tún yọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.